Ìyá Tandabáwì, Ọmọ Inú Odi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá mi àgbà jẹ́, ilẹ̀kùn wọn ni kó kọ́kọ́ wò. Ilé kékeré ni wọ́n ń gbé, ní Tandabáwì, ní Mẹ́kà níbí, lókè àtẹ̀gùn kan tí orúnkún mi ò ní gbàgbé láéláé. Kọ́kọ́rọ́ méjì àti ọ̀pá ìdábùú irin kan ló wà lára ilẹ̀kùn náà. Kò sí olè tí yóò gun àtẹ̀gùn yẹn tìtorí àpò gàrí, a sì sọ ọ́ fún wọn títí ẹnu fi ro wá. Wọn ò gbọ́. Bí mo bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?" Màá ní, "Èmi ni." "Ìwọ ta?" "Àjọkẹ́." "Àjọkẹ́ ọmọ ta?" Àfi kí n dárúkọ bàbá mi, ìyẹn ọmọ tí àwọn fúnra wọn bí, kí n tó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Inú bí bàbá mi lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń pa wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ọmọ ogun ni wá ni?" Ìyá dá wọn lóhùn láti inú ilé, "Àwọn ọmọ ogun náà kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ni."

Ìyá ti lọ báyìí. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo ń wò bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí àwọn gan-an kì í sọ ìtàn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn ni màá sọ.

Ogun tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn sí yẹn, ogun Kírìjì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, tí mi ò tíì tẹ ilẹ̀ Èkìtì rí, mo ti mọ ogun Kírìjì kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Ìlú ìyá wọn wà ní ẹnu ààlà gan-an, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti ń kọjú sí àwọn ará Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ń jẹ gàba lé àwọn Èkìtì lórí sú wọn, tí wọ́n ní àwọn ò sìn mọ́, àwọn fẹ́ dá dúró, ìlú kékeré yìí náà lé ajẹ́lẹ̀ tiwọn jáde. Kò pẹ́ tí ọmọ ogun fi dé. Wọ́n dó ti ìlú. Ìyá máa ń sọ pé ìjà tí wọ́n bá wọn jà kò tó nǹkan. Wọ́n kàn jókòó ni. Wọ́n gbin ẹ̀wà sínú oko àwọn tó wà nínú odi, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú wọn, wọ́n sì ń retí kí ebi bá wọn ṣí bodè.

Ìyá ò sí níbẹ̀ o. Ìyá àgbà tiwọn ló wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà. Ó jẹ ewé, ó jẹ èèpo igi, ó jẹ awọ tí wọ́n sè láti àárọ̀ dalẹ́. Ní òròòwúrọ̀, apohùn àwọn tó dó tì wọ́n á wá dúró lẹ́yìn yàrà, á máa ki olórí ogun rẹ̀ kí àwọn tí ebi ń pa lè gbọ́. Àwọn tó wà lórí odi náà á sì ki ìlú tiwọn padà. Ó pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé inú odi mọ oríkì ọ̀tá ju orin òṣùpá lọ, àwọn ọmọ ogun ìta náà sì mọ ti ìlú wa lámọ̀dunjú. Ọmọdébìnrin yẹn dàgbà, ó darúgbó, ó sì kọ́ Ìyá ní oríkì méjèèjì. Ó ní ó yẹ kéèyàn mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bodè náà ò sì ṣí títí àwọn ìlú Èkìtì tó kù fi wá gbà wọ́n. Bí Ìyá bá dé ibí yìí nínú ìtàn, wọ́n á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń búra, wọ́n á ní, "A jẹ ewé. A ò ṣílẹ̀kùn." *A*, bí ẹni pé àwọn náà wà níbẹ̀.

Ohun kan tún kù nínú ìtàn yẹn. Lọ́jọ́ tí ogun lọ, àwọn obìnrin inú odi bá ẹ̀wà lóko wọn, ó gbó, ó tó kó. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀wà tí wọ́n fi ń fi ebi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ò ní fi kan ẹnu àfi bí àwọn tó gbìn ín bá fọwọ́ ara wọn gbé e wá sí bodè. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni, ṣùgbọ́n ó di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ wọn obìnrin. Ìyá máa ń se ẹ̀wà fún wa, á sì dùn bí nǹkan míì. Àwọn fúnra wọn ò tọ́ ọ wò rí. Mo sọ fún wọn nígbà kan pé nínú ẹ̀sìn wa, ohun tí Ọlọ́run bá ṣe ní hàláálì, èèyàn ò lè sọ ọ́ di èèwọ̀. Wọ́n ní, "Mi ò sọ pé ó di hàráámù. Mo ní mò ń dúró de àwọn tó gbìn ín."

Ẹ̀wà kọ́ ni mo fẹ́ máa sọ, àmọ́ inú ilé ìdáná ni mo ti mọ Ìyá jù. Wọn kì í jẹ́ ká jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bó ti wù kí a pọ̀ tó, wọ́n á ṣẹ́ oúnjẹ díẹ̀ kù, wọ́n á dé e. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kún fún ìrẹsì àti gàrí tí àwọn tó bá wá ṣe hájì ń kó wá fún wọn láti ilé. Tí o bá kí wọn ní sálámà, kí wọ́n tó dáhùn tán, wọ́n ti bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Mo ti rí wọn tí wọ́n da ìbéèrè yìí bo ọlọ́pàá kan tó wá yẹ ìkámà, ìwé ìgbélùú gbogbo wa, wò. Ọ̀gbẹ́ni náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì jẹun.

Àwa ọmọ-ọmọ, Lárúbáwá ló yá wa lẹ́nu. A bí wa síbí, ìta la ti kọ́ ọ, ilé ìwé la ti kọ́ ọ. Ìyá á sọ Yorùbá, àwa á fi Lárúbáwá dáhùn, ó sì ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ilé tiwa níbí. Ìyá ò bá wa jà. Wọ́n kàn dití ni. Tí o bá fi Lárúbáwá tọrọ oúnjẹ, ìwọ àti ògiri lẹ jọ wà. Àbúrò mi jókòó síwájú ìkòkò dòdò lọ́jọ́ kan, ó sunkún, ó pe oúnjẹ ní gbogbo orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pè é, Ìyá ń to aṣọ. Nígbà tó wá fi ẹkún pariwo pé, "Ìyá, ẹ fún mi ní dòdò," wọ́n bù ú kún abọ́ fún un, wọ́n tún gbá a mọ́ra. Wọ́n ní, "Yorùbá ni mo fi sè é, Yorùbá ni màá fi bù ú."

Bí mo ṣe mọ Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ebi ló kọ́ mi.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àbídíyà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé, torí àwọn òbí mi ti kó lọ sí Jẹ́dà. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, wọ́n á bi mí ohun tí wọ́n kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ìtàn bí àwọn ọ̀tá ṣe dó ti Mẹ̀dínà, tí Ànábì àti àwọn Sàhábà gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, tí ebi sì pa wọ́n débi tí wọ́n so òkúta mọ́ ikùn, Ìyá fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Yàrà? Àwọn náà gbẹ́ yàrà?" Láti ọjọ́ yẹn, ẹni bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ á rò pé ìlú wa àti Mẹ̀dínà jọ pín ògiri ni. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ìyá, àwọn tiyín ò tíì gba Ìsìláàmù nígbà yẹn kẹ̀." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ebi ò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn àti ọkọ wọn gba ọ̀nà Sudan wá, nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti lórí ẹsẹ̀, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi dé Jẹ́dà. Wọ́n ní àwọn wá ṣe hájì, àwọn á sì padà. Wọn ò padà mọ́. Bàbá àgbà kú kí wọ́n tó bí mi. Bí a bá bi Ìyá pé ṣé wọn ò fẹ́ lọ wo ilé, wọ́n á ní, "Ilé náà mọ̀ pé mo ń bọ̀."

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àlàájà Rùsáífà.

Àlàájà yìí, ará Ìbàdàn ni wọ́n. Àwọn náà ti pẹ́ ní Mẹ́kà bí Ìyá, wọ́n sì jọ ń lọ sí àsálátù kan náà tí àwọn obìnrin wa ń ṣe láti ilé dé ilé. Àdúgbò Rùsáífà ni ilé wọn wà, ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n nígbà kan, bí mo ṣe gbọ́. Nígbà tó wá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan nílé Àlàájà, Ìyá jókòó, wọ́n mú abọ́ ìrẹsì dání. Inú Àlàájà dùn sí ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n gbé e sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Ọmọ Afebi-sé-bodè,
Ọmọ adótini-má-kánjú.
Ó dó sẹ́yìn odi, ó gbin ẹ̀wà,
Ẹ̀wà so, ó jẹ ẹ́,
Ó ní kẹ́ni inú odi máa gbóòórùn ọbẹ̀."

Ìyá mọ̀ ọ́n láti ìlà kìíní. Oríkì tí wọ́n fi ń jí ìyá àgbà wọn lẹ́yìn yàrà ni. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n dìde. Àlàájà ní, "Kí ló dé? Ẹ ò tíì jẹun." Ìyá ní, "Mi ò lè jẹun níbi tí wọ́n ti ń fi ebi wa yangàn." Àlàájà náà ò mọ bí a ti ń dákẹ́. Wọ́n ní, "Ogun àwọn baba ńlá wa ni mò ń ki, ta ló dá ẹ sí i?" Ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kékeré ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ti gboyè jáde, ìjà ṣì wà níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ̀ pé kò tọ́ kéèyàn bá ẹnìkejì yodì. Ìyá rí ọgbọ́n dá sí i. Tí wọ́n bá pàdé ní àsálátù, wọ́n á ní, "Àsàlámù àlékúmù," wọ́n á sì gba ibòmíì lọ. Mo ní ṣé kí wọ́n kúkú fi "ẹ kú ilé" kún un, ẹnu wọn ò ní ya. Wọ́n dá mi lóhùn wọ̀ọ̀: "Sálámà, ti Ọlọ́run ni. 'Ẹ kú ilé', tèmi ni."

Bàbá mi fẹ́ gba ilé tó láyè dáadáa fún wọn ní Rùsáífà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbéni gòkè, kí wọ́n lè fi àtẹ̀gùn sílẹ̀. Ìyá ní, "Kí n lọ pàgọ́ sí bùdó wọn?" Bàbá mi bínú lọ sí Jẹ́dà láìmu omi. Mo rò nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ àgbà tó ti ń di ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Àfi ọjọ́ tí Wàhéédì wá. Wàhéédì ni àkọ́bí Àlàájà, ó ń wa ọkọ̀ fún àwọn tó wá ṣe úmúrà. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́yìn tí Ìyá ti béèrè ọmọ ta ni tó sì ti sọ ọ́. Ẹnu yà mí pé wọ́n ní kí n ṣí i. Ìyá jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Wàhéédì lóṣòó síwájú wọn. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀.

"Ìyá, màmá wa ò jẹun mọ́."

Ìyá ń ṣa ìrẹsì.

Ó ṣàlàyé. Àìsàn kan kọlù wọ́n nílé ìwẹ̀, wọ́n ṣubú. Nígbà tí wọ́n fi máa padà bọ̀ sípò nílé ìwòsàn, Lárúbáwá ti pòórá lẹ́nu wọn, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, Yorùbá àtijọ́ ni. Wọn ò mọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn mọ́. Wọ́n ti dá wọn padà sílé, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ṣíbí sún mọ́ wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. "Wallahi, Ìyá, a ti bẹ̀ wọ́n títí. Àwa ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà ní bó bá rí báyìí lọ, wọn ò ní pẹ́."

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Kò sẹ́ni. Èmi ni mo rò ó."

"Ṣé o mọ̀ pé èmi àti màmá ẹ ò kí ra wa?"

"Mo mọ̀. Gbogbo Mẹ́kà ló mọ̀."

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú ìrẹsì. Ojú wọn le, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ ohun tó lè ti ẹnu wọn jáde tí kò ní ṣeé gbà padà. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lọ, ìyá ọkùnrin yìí á kú, kò sì sí ẹni tó lè dá Ìyá lẹ́bi lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹnu tó fi ebi wa yangàn, òun ni kò gba oúnjẹ mọ́." Wàhéédì sọ orí kọ́. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ fún un ní àtẹ̀gùn.

Ìyá ti ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àjọkẹ́, ògì wà nínú ike lórí òrùlé. Lọ gbé e wá kí n pò ó. Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ."

Láti Tandabáwì dé Rùsáífà kò jìnnà, ṣùgbọ́n Ìyá bú Àlàájà dé ibẹ̀. Wọ́n bú ìrìn wọn, wọ́n bú ohùn wọn, wọ́n bú ọbẹ̀ tí wọ́n sè lọ́dún tí mi ò tíì dáyé. Ìkòkò ògì wà lórí itan wọn, wọ́n fi ìborùn bò ó kó má bàa tutù.

Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kún inú yàrá, wọ́n ń sọ Lárúbáwá wúyẹ́wúyẹ́. Àlàájà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti joro, wọ́n pa ojú dé, wọ́n pa ẹnu dé. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Àsàlámù àlékúmù." Gbogbo wa ń wò wọ́n. Wọ́n wá ní, "Ẹ kú ilé o."

Àlàájà ò mira. Ìyá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ ẹnu mọ́ etí Àlàájà. Mo rò pé àdúà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Oríkì ni. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi kì í, bí ìgbà tí à ń rẹ ọmọ lẹ́kún: Ọmọ Afebi-sé-bodè, ọmọ adótini-má-kánjú. Wọ́n kì í délẹ̀. Wọn ò fo ìlà kankan, wọn ò fo ẹ̀wà, wọn ò fo òórùn ọbẹ̀ pàápàá. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀.

Àlàájà lajú. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Ọmọ inú odi."

Àlàájà wò wọ́n títí. Ẹ̀rín díẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ètè wọn. "Ẹ ò tíì ṣílẹ̀kùn?"

"A ò tíì ṣí i," ni Ìyá wí, wọ́n sì bu ògì sí ṣíbí. "Ẹ̀yin ẹ la ẹnu yín ná."

Àlàájà la ẹnu.

Nígbà tí a ń padà, mo bi Ìyá ìdí tó fi jẹ́ oríkì yẹn gan-an. Ṣé kò sí òmíràn ni? Wọ́n ní, "Ṣé kí n ki tèmi fún un ni? Tirẹ̀ ló máa gbọ́. Nínú gbogbo Mẹ́kà yìí, ta ló tún mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ rẹ̀?" Wọ́n gbé ìkòkò ògì padà sórí itan. "Àwa tí a jẹ ewé, kò yẹ ká jókòó ká máa wo ẹni tí ebi ń pa. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún wa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé, "Má lọ sọ fún bàbá ẹ pé ìjà ti parí o. Kò tíì parí."

Kò sì parí lóòótọ́. Láti ìgbà yẹn, Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ìyá á gbé ògì lọ sí Rùsáífà, wọ́n á bú Àlàájà lọ, wọ́n á kì í lóríkì níbẹ̀, wọ́n á sì bú wọn bọ̀. Àlàájà kì í rántí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń béèrè bóyá a ti ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà ni Ìyá ń ní rárá. Ara Àlàájà le díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń jókòó sórí àga onítáyà. Ìyá tiwa ni ara wọn ń lọ sílẹ̀. Àtẹ̀gùn di ìṣòro. Wàhéédì á wá pọn wọ́n sẹ́yìn bí ọmọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa bú òun náà.

Lọ́jọ́ tó ṣẹ́kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, wọ́n ní kí n jókòó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ibi tí wọ́n kó nǹkan sí. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ta ni yóò máa gbé ògì lọ?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ oríkì náà?" Mo kì í fún wọn, wọ́n tún un ṣe fún mi níbi tí mo ti ṣì í. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. "Bí mo bá kọ́kọ́ lọ, má sọ fún obìnrin yẹn. Á yọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ lẹ́yìn ìrun alaásàrí, wọ́n ṣì wà lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. A kírun sí wọn lára nínú Mọ́sálásí ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ wọ́n rí ló bá wa kí i, a sì sin wọ́n sí ilẹ̀ Mẹ́kà tí wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Inú mi bàjẹ́ débi tí mi ò lè sọ ọ́. Ó dùn mí jù pé kò sí ẹni tó ki Ìyá. Àwọn obìnrin àsálátù ṣàdúà, wọ́n sọ̀rọ̀ rere, ṣùgbọ́n ará ibòmíì ni gbogbo wọn. Èmi nìkan ni mo mọ oríkì ìlú wa, bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹkún á gbà á lẹ́nu mi.

Nígbà tó di Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ilé kún fún àwọn tó wá kí wa. Mi ò lè gbé ògì lọ. Mo ti yàrá Ìyá, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ni a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àti èémí ọkùnrin tó ń gbé ẹrù wúwo. Wàhéédì ló pọn Àlàájà Rùsáífà sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ kan ń tẹ̀ lé e, ó gbé àga onítáyà. Àlàájà di abọ́ kan mọ́ àyà, wọ́n fi ìborùn dì í yíká.

Wàhéédì sọ fún mi pé àwọn ò sọ fún wọn pé Ìyá ti lọ. Ó ní bó ṣe di àkókò tí Ìyá máa ń dé tí Àlàájà ò rí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé fún wọn, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n dì í, kí wọ́n gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ ọmọ inú odi.

A gbé wọn jókòó. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò mọ ẹnì kankan. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú wọn, wọ́n ní, "Àlàájà, Ìyá ti lọ." Kò jọ pé wọ́n gbọ́. Ilẹ̀kùn yàrá tí mo tì ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé ohùn sókè, ohùn tó ti rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n:

"Ọmọ ajẹwé-má-ṣílẹ̀kùn,
Ọmọ odi gíga, yàrà jíjìn.
Ebi wá, ó bá wọn nílé,
Ebi lọ, ó fi wọ́n sílé."

Oríkì ìlú wa. Èyí tí wọ́n ń ké láti orí odi. Wọ́n kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ àwọn tó dó tì wá, nínú pálọ̀ Ìyá. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà tí wọ́n kì í tán, wọ́n na abọ́ náà sí mi. Mo tú ìborùn. Ẹ̀wà ni, ó ṣì gbóná.

Àlàájà ní, "Gbé e wọlé fún wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nínú odi."

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì Ìyá, mo ní bísímílà, mo sì bá wọn jẹ ẹ̀wà náà tán. Mi ò ṣẹ́ ohunkóhun kù.